Ṣé kí bàbá wa gba àyẹ̀wò ẹran ara, àbí kí a dúró ná?
Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA (èyí tí wọ́n fi ń yẹ pírọ́sítéètì wò, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) tí bàbá wa ṣe jáde ní 6.8, bẹ́ẹ̀ 4 ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń ṣe ààlà. Dókítà ṣàlàyé pé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ pé pírọ́sítéètì kàn wú ni. Ó ní a lè gé ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, tàbí kí a tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi ìpinnu lé wa lọ́wọ́. Bàbá (tí kì í fẹ́ gbọ́rọ̀ abẹ́rẹ́ rárá) ní ohun tí dókítà bá yàn ni òun yóò ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó yẹ kí a bi dókítà kí a tó fọwọ́ sí ìwé?