"Ìmọ́tótó" kò tó fún "sanitation"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a tú Àfojúsùn Kẹfà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n fẹnu kò sí ní 2015, tí wọ́n fi 2030 ṣe gbèdéke rẹ̀, sí "omi tó mọ́ àti ìmọ́tótó fún gbogbo ènìyàn". Ó dùn létí, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn.

Ìwà ni ìmọ́tótó lédè wa. Ẹni tí kò bá ní in, ọ̀bùn là ń pè é. UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ fún 2022 pé nǹkan bí bílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni kò ní "sanitation" tó péye, ìyẹn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọ̀nà tí à ń gbà palẹ̀ ẹ̀gbin rẹ̀ mọ́. Ṣé bílíọ̀nù 3.5 ọ̀bùn la fẹ́ kọ sílẹ̀ ni? Obìnrin tó ń gbé nílé tí kò ní ṣáláńgá lè gbálẹ̀ ní ìdájí, kó fọ abọ́ kó dán, síbẹ̀ inú igbó náà ni yóò gbà lọ.

Ìpín 6.2 nínú Àfojúsùn náà tún dárúkọ "sanitation" àti "hygiene" pọ̀. Tí ìmọ́tótó bá ti lọ fún ti àkọ́kọ́, kí la ó wá pe ọwọ́ fífọ̀?

Ìpalẹ̀-ẹ̀gbin-mọ́ ni tèmi. Iṣẹ́ hàn nínú rẹ̀: a óò béèrè ẹni tó kó o àti ibi tó dà á sí. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láyé àtijọ́, agbépòó a máa wá lóru, a gba ẹnu ihò kékeré lẹ́yìn ilé fa garawa ìgbẹ́ jáde, a gbé e rù. (Ta ló tó bú u, kó má baà dà á síwájú ilé ẹni?) Kò sẹ́ni tó ń pe iṣẹ́ agbépòó ní ìmọ́tótó.

"Omi tó mọ́" náà ń kọ mí lóminú. Ní 1854, omi kànga Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́ lójú, ó sì dùn lẹ́nu. Ihò ìgbẹ́ ilé kan nítòsí ló ń jò sínú rẹ̀. Onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 600 ládùúgbò náà. "Omi tí kò léwu" ni ká kọ.

"Dọ́gba-n-dọ́gba" kò bá "equitable" tó wà nínú 6.2 mu, nítorí ìpín náà fúnra rẹ̀ ní ká wo àìní obìnrin àti ọmọbìnrin lọ́tọ̀. Mo fara mọ́ "bó ṣe tọ́ sí kálukú".

Mo mọ̀ pé ìpalẹ̀-ẹ̀gbin-mọ́ gùn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tí kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀bùn, kó mú un wá.