Ṣé kí n lọ HND ni, àbí kí n lọ kọ́ àdìrẹ l'Óṣogbo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán, pàápàá ẹ̀yin obìnrin inú yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí OND nínú iṣẹ́ ọnà ni. Ọ̀dà olóròóró ni wọ́n fi kọ́ wa jù, ṣùgbọ́n àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí kí aró má bàa wọ ibẹ̀, lọkàn mi fà sí. Lóṣù tó kọjá, mo fi ìyẹ́ adìyẹ ya Ìbàdàndùn, ọ̀kan nínú àwọn àwòrán àdìrẹ àtijọ́, sórí aṣọ yáàdì mẹ́rin. Òpó Mápó inú rẹ̀ dúró dáadáa, àfi ìgbà tí mo rẹ ẹ́ sínú aró: ẹ̀kọ láfún tí mo pò ti sán, aró sì wọ ibi tó yẹ kó funfun. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Báwo lẹ ṣe ń pò ó tí kì í fi í sán?

Bàbá mi ní HND ni dandan. Mo sọ fún un pé Màmá Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ aládìrẹ tó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ l'Óṣogbo ní 1983, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà obìnrin ilé wọn ni wọ́n ti kọ́ àdìrẹ. Bàbá ní, “Ṣé ìwọ ni Nike ni?”

Ọ̀rọ̀ owó wá ń kọ́. Gálẹ́rì kan gba àwòrán mi mẹ́ta, wọ́n ta méjì, oṣù kẹjọ rèé tí mò ń retí owó mi, “fọkàn balẹ̀, aunty” ni mò ń gbọ́. A ò kọ ìwé kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀? Ẹni tó sì ń tọ́mọ lọ́wọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?