Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: sáńpépà àti epoxy lára ọkọ̀ ojú omi tí mò ń kàn nílé

Àyìndé_Pákó: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Pláíwúùdù ni mo fi ń kan ọkọ̀ ojú omi kékeré kan nílé, mo ti fi epoxy (gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n ń po hardener mọ́ kó lè le) kùn ún nísàlẹ̀, ó sì ti le, àmọ́ tí n bá ti ń fi sáńpépà ha á, kíá ni sáńpépà á ti dí, á wá máa yọ̀ lásán. Nọ́ńbà wo ni kí n lò? Ṣé kí n ra ẹ̀rọ ni àbí ọwọ́ náà ti tó?

Gbẹ́nàgbẹ́nàOmi: Má tíì ra nǹkan kan ná. Fọwọ́ pa ojú ẹ̀ wò, ṣé kò rí bí ìgbà tí wọ́n fi àbẹ́là pa á? Hardener míì máa ń ti irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ jáde sójú epoxy tó bá ń le lọ, àgàgà tí ọjọ́ bá tutù tí ọ̀rinrin sì pọ̀. Omi ló ń ṣí i. Fi kàn-ìn-kàn tó le díẹ̀ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kóo fi aṣọ tó mọ́ nù ún kí omi yẹn tó gbẹ fúnra ẹ̀, ìgbà yẹn ni kóo wá gbé sáńpépà. Tóo bá ha á láìfọ̀ ọ́, ńṣe lo kàn ń ra ọ̀rá yẹn káàkiri, ọ̀dà tóo bá kùn lé e lè bó.

Ọmọ_Igi: Òótọ́ ọ̀rọ̀. Tóo bá ti fọ̀ ọ́, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà nọ́ńbà 80, kóo bọ́ sí 120, tó bá jẹ́ fánísì lo fẹ́ fi parí ẹ̀, dé 220. Ẹ̀rọ yá lóòótọ́ àmọ́ ó máa ń gbẹ́ kòtò tóò ní rí àfi ìgbà tí ọ̀dà tó ń dán bá dé orí ẹ̀. Èmi fẹ́ràn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó sì ń tẹ̀ díẹ̀, lẹ sáńpépà mọ́ ọn, máa fà á níbùú-níbùú, kóo tún gbà á lódìkejì. Kóo tó bẹ̀rẹ̀, fi pẹ́ńsù fa ìlà wúruwùru sí gbogbo ojú ẹ̀. Ibi tí ìlà bá ti kọ̀ tí ò pa rẹ́, ibẹ̀ ló jìn, filler ni kóo fi dí i, má sọ pé o fẹ́ ha ìyókù wálẹ̀ bá a torí ojú pláíwúùdù fẹ́lẹ́, o ò ní pẹ́ ha á já.

Àǹtí_Ọlọ́kọ̀: Ẹ̀yin ọ̀gá, kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ ìbòmú o, ìyẹn ló sì ká mi lára jù! Bọ̀ọ̀dá Àyìndé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó le dénú kẹ́ẹ tó ha á, eruku epoxy tí ò tíì le tán burú fún ara. Ẹ lo ìbòmú tó ń sé eruku dáadáa, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nítírìlì tẹ́ẹ bá ń pò ó, tó bá ta síi yín lára, ọṣẹ àti omi ni, kì í ṣe acetone (kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà). Ara lè gbà á fún ìgbà pípẹ́ kó wá kọ̀ ọ́ lójijì, tó bá sì ti kọ̀ ọ́, díẹ̀ báyìí tó bá kàn yín á máa yún yín.

Gbẹ́nàgbẹ́nàOmi: Ẹ ṣeun Àǹtí. Àyìndé, tóo bá fẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, kùn ún nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ díẹ̀, wọ́n á di ara wọn mú, o ò ní nílò sáńpépà láàárín. Wọn hardener bó ṣe wà lára agolo gẹ́lẹ́, tóo bá fi kún un kò ní tètè le, rírọ̀ ló máa rọ̀. Má sì fi í sílẹ̀ nínú ife tó jìn, á gbóná débi pé á máa rú èéfín, dà á sínú abọ́ pẹrẹsẹ.

Àyìndé_Pákó: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fọ apá kan, sáńpépà ti ń mú eruku funfun jáde báyìí, kò dí mọ́. Ìbéèrè kan ló kù, ṣé mo lè fi epoxy nìkan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìkun nǹkan kan lé e? Àwọ̀ igi yẹn wù mí.

Ọmọ_Igi: Rárá o, oòrùn á bà á jẹ́. Fánísì tó ń dènà oòrùn ni kóo fi bò ó, àwọ̀ igi náà á ṣì hàn.