Ṣé kí n tú inheritance (ìjogún láàárín class) yìí ká, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí kóòdù. Èdè kọ̀ǹpútà Java ni mo fi ń kọ ètò ìsanwó kan. Class (àwòṣe nínú kóòdù) Payment ni òbí. CardPayment, TransferPayment àti CashPayment ni ọmọ tó jogún un. Òbí ní method (iṣẹ́ tí class lè ṣe) refund(), tó ń dá owó padà, àmọ́ owó tí wọ́n kà síni lọ́wọ́ kò ṣeé dá padà láti orí kọ̀ǹpútà, nítorí náà exception (ìkìlọ̀ àṣìṣe) ni CashPayment máa ń gbé jáde. Ni gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pe refund() bá kún fún instanceof, ìyẹn àyẹ̀wò irú ọmọ tó jẹ́. Èyí tako ìlànà Barbara Liskov, onímọ̀ kọ̀ǹpútà: ibi tí a bá ti lo òbí, ó yẹ kí a lè fi ọmọ rọ́pò rẹ̀ láì da nǹkan rú. Java fúnra rẹ̀ ò kúkú mọ́; ẹ wo Stack (àkójọ tó yẹ kó jẹ́ orí rẹ̀ nìkan la ti ń fi nǹkan sí tàbí yọ ọ́) tó jogún Vector (àkójọ tó ń gba nǹkan níbikíbi), tí èèyàn fi lè ki nǹkan bọ àárín rẹ̀.

Mo fẹ́ yọ refund() kúrò lára òbí, kí n gbé e sínú interface (àdéhùn àwọn method tí class gbà láti ní) Refundable. Ọ̀gá mi ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ó ṣáà ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ibo lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ tí iṣẹ́ àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́ kò fi ní dúró? Àbí composition (kí class kan lo òmíràn nínú ara rẹ̀ dípò kó jogún rẹ̀) ló sàn jù níbí?