Honda táwọn òbí wa gùn àti Honda ìsinsìnyí: ṣé ọ̀kan náà ni? Ẹ mú ìrírí yín wá

Ọmọ Ìṣẹ́yìn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bọkanáísà lánàá. Ẹnì kan ní alùpùpù Honda ti kú láti ìgbà tí Bajaj ti gba ìgboro, pé orúkọ lásán ló kù. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, pé àwa la yí padà. Èmi ò dá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti gùn ún, tàbí tí wọ́n fi gbé yín lọ sílé ìwé rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí.

Gbẹ́ndẹ́kẹ: Ó ti kú. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.

Àdùkẹ́ Ọmọ Nọ́ọ̀sì: Agbẹ̀bí ni màmá mi, lápá Èkìtì. Honda C70 ni wọ́n ń gùn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní máṣíìnì obìnrin. Tàwọn ti aṣọ funfun wọn ni, wọ́n á kàn gbẹ́sẹ̀ kan kọjá, wọ́n ti jókòó, kò sí pé èèyàn ń ká yẹ̀rì sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ló ń yí jíà, nítorí náà wọ́n lè fi ọwọ́ kan wà á, kí wọ́n fi èkejì di báàgì ìgbẹ̀bí mú. Bí ará abúlé bá gbọ́ ìró ẹ̀ lóru, wọ́n á ní, "Ẹnì kan ń rọbí nìyẹn." Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àbúrò màmá mi ló gbà á, òun náà ṣì fi ta aṣọ kiri ọjà. Àwọn Honda tí mo ń rí lórí fóònù báyìí, tó jẹ́ pé ẹni tó gùn ún á dojú bolẹ̀ lórí táńkì, mi ò mọ̀ wọ́n rí.

Bàbá Ìjàyè: Ẹ má bínú o, àǹtí. Ọwọ́ kan? Lórí òkè Èkìtì?

Àdùkẹ́ Ọmọ Nọ́ọ̀sì: Wọ́n ṣì wà láyé, sà. Ẹ wá bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wá, torí èébú á pọ̀.

Ìyá Bọ̀dé: 😂😂 Àǹtí tèmi náà, tíṣà ni wọ́n, C70 pupa. Ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn, àpò gààrí níwájú.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù: Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kan yẹn kì í ṣe àsọdùn o. Ọdún 1958 ni Honda gbé Super Cub jáde, ìdílé kan náà ni C50, C70 àti C90 ti wá. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri ní Jàpáàn lè fi ọwọ́ kan wà á kó sì fi èkejì gbé àwo. Nígbà tó fi máa di 2017, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù 100 rẹ̀. Ibi tó wá dùn mí nìyí: lọ́dún 2018 wọ́n tún gbé e wá ní C125, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kàn máa fi sápò láìkì í bọnú ohunkóhun. Ohun tí màmá Àdùkẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ lóru ni àwọn olówó fi ń lọ mu kọfí níhìn-ín. Máṣíìnì yẹn kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ló yàtọ̀.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Ìlọrin: Ẹ fi Cub sílẹ̀ fáwọn màmá. CG125 lọkùnrin. Ní 1976 tí wọ́n gbé e jáde, Honda ti ní ẹ́ńjìnnì 125 mìíràn nílẹ̀ tí kámù ẹ̀, irin tó ń yí tó sì ń ṣí fáàfù tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wà lókè. Kámù òkè fẹ́ ọ́ìlì mímọ́ lásìkò, àwa ènìyàn ò sì kí ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n rí i bẹ́ẹ̀ kárí àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ni wọ́n bá dá kámù padà sísàlẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá gígùn ti fáàfù, wọ́n tún fi páànù bo ṣéènì pátápátá kí iyẹ̀pẹ̀ má baà jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn oyìnbó Jàpáàn mọ̀ọ́mọ̀ padà sẹ́yìn nítorí ìwà wa. Ìyẹn ni mò ń pè ní Honda.

Gbẹ́ndẹ́kẹ: Ará Jàpáàn kì í ṣe oyìnbó.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Ìlọrin: Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, oyìnbó ni lọ́dọ̀ mi.

Akọ̀wé Ọ̀yọ́: Ọ̀gá, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. CG bàbá wa wà nílé títí di òní. Táńkì, wọ́n ti pààrọ̀. Sìítì, wọ́n ti pààrọ̀. Rímù, salẹ́ńsà, iná iwájú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n rà lọ́jà. Ẹ́ńjìnnì gan-an, ti Ṣáínà ló wà níbẹ̀. Férémù àti ìwé nìkan ló kù. Tí a bá sọ pé kì í ṣe Honda mọ́, bàbá ò ní bá wa jẹun alẹ́.

Ìyá Bọ̀dé: Háà! Ẹ jẹ́ kí bàbá máa gbádùn Honda wọn jàre.

Bàbá Ìjàyè: Kì í ṣe Honda. Ẹ́ńjìnnì ni máṣíìnì.

Ọmọ Pọ́tónóvò: Férémù ni máṣíìnì! Nọ́ńbà ara férémù ni ọlọ́pàá ń wò.

Bàbá Ìjàyè: Ọlọ́pàá tiyín nìyẹn. Tiwa, ọwọ́ yín ni wọ́n ń wò.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Ìlọrin: Ẹ́ńjìnnì Ṣáínà yẹn, ṣé ẹ rí i bó ṣe wọlé ṣinṣin láìgé irin kankan? Àwòkọ CG náà ni. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì Ṣáínà tó wà nígboro, ẹ tú orí ẹ́ńjìnnì wọn wò, ẹ̀ẹ́ bá ọ̀pá méjèèjì níbẹ̀. Nítorí náà, bàbá ò purọ́ tán.

Ọlọ́kadà Tẹ́lẹ̀: Àwòkọ ju àwòkọ lọ o. Mo gun ọ̀kan tí mi ò ní dárúkọ. Oṣù kẹta, ó ti ń yọ èéfín. Oṣù kẹfà, ó ń mu ọ́ìlì ju epo lọ.

Gbẹ́ndẹ́kẹ: Dárúkọ ẹ̀.

Ọlọ́kadà Tẹ́lẹ̀: Ẹni tó tà á fún mi ń ka ibí yìí.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù: CG tí mo fi kọ́ṣẹ́ wíwà níhìn-ín, Bràsíìlì ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Jàpáàn ti ṣíwọ́ CG ní 1985, ilé iṣẹ́ Honda ní Manaus, ní Bràsíìlì, ló wá ń gbé e lọ. Ṣé Honda Jàpáàn nìyẹn àbí Honda Bràsíìlì?

Ọmọ Pọ́tónóvò: Àwọn ará Bràsíìlì yẹn kan náà ló ṣe èyí tó ń mu ọtí. CG 150 Titan Mix, ọdún 2009. Ẹ lè rọ epo sí i, ẹ lè rọ ọtí ìrèké, ẹ lè pò wọ́n pọ̀.

Ìyá Bọ̀dé: Ògógóró???

Ọlọ́kadà Tẹ́lẹ̀: Ẹ má gbé e wá síbí. Ọlọ́kadà á mu tirẹ̀, máṣíìnì á mu tirẹ̀, ta ni yóò wá mọ ọ̀nà?

Gbẹ́ndẹ́kẹ: Mo ti yí ọkàn padà. Honda ò kú.

Bàbá Ìjàyè: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Èmi rò pé Honda fúnra ẹ̀ ló ta ara ẹ̀. Ní 2001, wọ́n lọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Sundiro, ọ̀kan nínú àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣe àwòkọ wọn. Ẹni tó jí ọ lẹ́wùrẹ́, o wá ní kó wá máa bá ọ sìn ín. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2011, Honda gbé Ace CB125 jáde fún wa láti Ọ̀tà, gbogbo ẹjọ́ ibẹ̀ ò ju kówó ẹ̀ rọlẹ̀. Ẹni tó ṣe CG nítorí pé a ò kí ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ṣé ẹni yẹn náà ló ń sáré tẹ̀lé owó Ṣáínà?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Ìlọrin: Sà, ọgbọ́n kan náà ni. Nígbà yẹn wọ́n wo ìwà wa. Ní 2011 wọ́n wo àpò wa.

Bàbá Ìjàyè: Hmm.

Ọlọ́kadà Tẹ́lẹ̀: Ó sì ti pẹ́ jù. Boxer, máṣíìnì Bajaj, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Páàtì rẹ̀ wà ní gbogbo abúlé, gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n tú. Ẹni tó ń jíṣẹ́ owó fún ọ̀gá lójoojúmọ́ kò ráyè orúkọ.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù: Boxer tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn, nígbà kan orúkọ Kawasaki wà lára rẹ̀ ní Íńdíà o.

Ìyá Bọ̀dé: Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àdùkẹ́ Ọmọ Nọ́ọ̀sì: Mo ka gbogbo ẹ̀ sí màmá létí. Wọ́n ní kí n sọ fún Bàbá Ìjàyè pé lóòótọ́ ni, ọwọ́ kan, àmọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè wọ́n máa ń fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe wèrè.

Bàbá Ìjàyè: Ẹ bá mi kí wọn. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Ìlọrin: Akọ̀wé Ọ̀yọ́, ẹ́ńjìnnì CG tí wọ́n yọ yẹn dà?

Akọ̀wé Ọ̀yọ́: Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, nínú àpò sìmẹ́ǹtì.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Ìlọrin: Èló?

Akọ̀wé Ọ̀yọ́: Wọ́n ní kò sí fún títà.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì Ìlọrin: Ẹ bi wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.