Báwo ni ẹ̀ka ọlọ́pàá ṣe ń gba ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ wọn kún ojú òṣùwọ̀n, kí ni kì í sì í jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn?

Ará Ìṣarà:

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, mo kí yín o. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ PCRC tí ó ń ṣe alárinà láàárín ọlọ́pàá àti ará ìlú ní àdúgbò wa. Àbúrò mi kan tí ó ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé àwọn ń palẹ̀ mọ́ de àwọn aṣàyẹ̀wò tí yóò fún ẹ̀ka wọn ní àkirẹdítéṣọ̀n, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ wọn kún ojú òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu, nítorí mo ti rò pé ìjọba tí ó dá ọlọ́pàá sílẹ̀ ti fọwọ́ sí wọn tán. Ta ni ó ń fún wọn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n sì ń wò? Bí wọ́n bá gbà á, ṣé ó di tiwọn títí láé ni? Ìpàdé wa pẹ̀lú DPO ti sún mọ́, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá a rí ohun kan mú lò níbẹ̀.

Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ará Ìṣarà, ẹ kú ìbéèrè. Kí n tó fẹ̀yìntì, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ ni ó ń fún ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ti ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Àkirẹdítéṣọ̀n jẹ́ ti gbogbo ẹ̀ka lápapọ̀, kò sì sí òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó sọ ọ́ di dandan, èyí ni ó fi jẹ́ pé nínú nǹkan bí 18,000 ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ó wà ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀nba ni ó ní in. Nínú àwọn àjọ tí ó ń fún wọn ní ìwé yìí, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni CALEA, tí ẹgbẹ́ mẹ́rin ti àwọn aláṣẹ ọlọ́pàá dá sílẹ̀ ní ọdún 1979. Kọmíṣánnà 21 ni ó ń darí rẹ̀: 11 jẹ́ ọlọ́pàá, 10 yòókù wá láti inú iṣẹ́ mìíràn. Ìpínlẹ̀ mìíràn ní ètò tirẹ̀, irú New York àti Florida.

Ẹ̀ka tí ó bá fẹ́ ẹ yóò tọwọ́ bọ ìwé, yóò san owó tí ó bá bí wọ́n ṣe pọ̀ tó mu, lẹ́yìn náà ni yóò wá jókòó yẹ ara rẹ̀ wò. Fún òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí àjọ náà là sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ní àṣẹ tí a kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì ní ẹ̀rí pé àwọn ń tẹ̀ lé àṣẹ náà. Àṣẹ kíkọ kò le. Ẹ̀rí ni ó máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró.

Ẹ wo yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀sìbíìtì sí, níbi tí owó, ìbọn àti oògùn olóró tí wọ́n gbà lọ́wọ́ afurasí máa ń wà. Òṣùwọ̀n CALEA ní kí ẹni tí yàrá náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán. Kí ẹlòmíràn tí kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá wá ka ẹrù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí àyẹ̀wò òjijì tún wà. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ olùtọ́jú, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ẹrù kí ẹni tuntun tó gba iṣẹ́ náà. Ìwé gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí, pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lùwé, ni ẹ ó gbé síwájú aṣàyẹ̀wò. Àṣẹ tí ó dára jù lọ láyé kò lè rọ́pò ìwé kan tí ó sọnù níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn aṣàyẹ̀wò láti ìta yóò dé. Wọn yóò bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, wọn yóò fún ará ìlú náà ní àyè láti sọ tẹnu wọn, wọn yóò sì kọ ìròyìn fún àwọn kọmíṣánnà, tí yóò wá dá ẹjọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Olùkọ́ Rẹ́mọ:

Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Àmọ́ àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ àkirẹdítéṣọ̀n NUC, àjọ tí ó ń rí sí yunifásítì, dáadáa, a sì ti gbọ́ nípa ibi tí wọ́n ti ń yá ìwé kún ilé ìkàwé nígbà tí àlejò bá ń bọ̀, tí wọ́n sì dá a padà nígbà tí wọ́n lọ tán. Kí ni kò ní jẹ́ kí ọlọ́pàá ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ìbéèrè gidi ni, Olùkọ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ti títí láé. Ọdún mẹ́ta ni ìwé CALEA máa ń lò tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́rin báyìí, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni wọ́n ń ti òkèèrè yẹ apá kan fáìlì wò. Ẹni tí kò ka ẹrù ní ọdún kejì kò lè rí ìwé ọdún náà mú jáde ní ọdún kẹrin, àfi bí ó bá fẹ́ purọ́. N kò ní tan yín jẹ: ìwé ẹ̀rí kò lè di ọwọ́ ọlọ́pàá tí ó fẹ́ lu ènìyàn mú. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí lílo agbára kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀, kí ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kó ti gbogbo ọdún jọ láti wo ibi tí ó ti ń burú sí i. Lójú tèmi, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí wọ́n lù tí kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú-Òde:

Ará Ìṣarà, ní ti ilé wa níbí, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni òfin Nàìjíríà mọ̀, nítorí náà àgọ́ kan kò lè dá lọ wá àkirẹdítéṣọ̀n fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ti wà nínú òfin wa, àìbéèrè ni ìṣòro. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní kí ọ̀gá àgọ́ máa kọ ìròyìn gbogbo ẹni tí wọ́n mú láìsí wáráǹtì ránṣẹ́ sí adájọ́ májísíréètì tí ó súnmọ́ ọn jù, ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó gbẹ̀yìn oṣù. Olórí adájọ́ májísíréètì, tàbí májísíréètì tí wọ́n yàn fún un, gbọ́dọ̀ máa bẹ àtìmọ́lé wò lóṣooṣù. Òfin yìí kan náà ní kí ọlọ́pàá kan tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò wà ní dífíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Ní ti ẹrù afurasí, òfin ACJA ti ọdún 2015, tí ó wà fún ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn ọ̀daràn, sọ pé kí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ọlọ́pàá àti afurasí jọ buwọ́ lù ú.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìpàdé yín, ẹ má ṣe dárúkọ CALEA rárá. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ DPO pé ìgbà wo ni ìròyìn oṣù tí ó kọjá lọ sọ́dọ̀ májísíréètì, ìgbà wo ni adájọ́ dé àtìmọ́lé gbẹ̀yìn, ta sì ni ó ka ẹ̀sìbíìtì nígbà tí wọ́n pààrọ̀ olùtọ́jú. Kí akọ̀wé yín kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì tún béèrè ìbéèrè kan náà ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e.