Èsì sí ẹ̀gbọ́n: ‘sang’ kì í ṣe aláìlófin

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nínú lẹ́tà yín àná, ẹ ní kí a máa pe àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì bíi sing, go àti cut ní ‘ọ̀rọ̀-ìṣe aláìlófin’, nítorí pé wọn kì í gba -ed bí a bá ń sọ ohun tó ti kọjá. Ẹ wá fi kún un pé ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní gírámà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò bá yín du ọgbọ̀n ọdún. ‘Àì’ tí ẹ kì bọ ọ̀rọ̀ náà láàárín ló há mi lọ́fun.

Aláìnílé kò nílé ni, kì í ṣe pé ilé rẹ̀ ti gbó. Sing nílé. Olùkọ́ tó kọ́ èmi, tó ti dolóògbé, kì í jẹ́ kí a ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Agboolé agboolé ló ń kó wọn sójú pátákó: sing, sang, sung. Ring, rang, rung. Drink, drank, drunk. Fáwẹ̀lì kan náà ló ń yí padà nínú gbogbo wọn, òfin yìí sì dàgbà ju -ed lọ. Ìdí nìyí tí èdè Jámánì, tó jẹ́ ìyekan Gẹ̀ẹ́sì, fi ń sọ singen, sang, gesungen títí di òní. -ed ni àlejò tó wá ń gba ilé lọ́wọ́ onílé: holp ni help ń jẹ́ láyé àtijọ́ bó bá di ọ̀rọ̀ àná, kó tó di helped. Ti go nìkan ló jọ ìwà jàgídíjàgan, nítorí pé wend, ọ̀rọ̀ mìíràn tó túmọ̀ sí ‘lọ’, ló ni went. Go yá a lò, kò dá a padà, wend fúnra rẹ̀ wá ń sọ wended.

‘Ọ̀rọ̀-ìṣe aparadà’ ni èmi ì bá pè wọ́n. Àbúrò kan ti yára bi mí léèrè pé ara wo ni cut pa dà, n kò sì rí èsì fún un.

Ẹ tún pe àsìkò tó wà nínú went ní ‘àsìkò afànámónìí’. Rárá o. Tiwa ló fi àná mọ́ òní: ‘Olú lọ’ ti kọjá, ‘Olú mọ̀wé’ ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò sì yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ya àná sọ́tọ̀ kúrò lára òní, àfi lẹ́nu irú cut tí à ń jà lé lórí yìí: they cut lè jẹ́ tàná, ó lè jẹ́ tòní. Bóyá òun gan-an ni orúkọ yín tọ́ sí, ṣùgbọ́n bí olùwà bá ti di he, àná àti òní tún pínyà, he cuts, he cut.